Kí Ló Ba Ọ̀dà Mọ́tò Yìí Jẹ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Kun Mọ́tò Nílé

Àgbàlá ilé kì í ṣe yàrá ìfínọ̀dà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fẹ́ńdà àti bọ́ńnẹ́ẹ̀tì ló ti dán níbẹ̀. Oríṣi ọ̀dà méjì la ó máa dárúkọ. Sẹ́lúlóòsì kò ní hádínà, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè le. Ṣíńnà nìkan la fi ń pò ó, ó sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n 1 sí 1, bí ṣíńnà bá sì ti fò lọ tán, ó gbẹ nìyẹn. 2K ní hádínà. Òun ni ọ̀pọ̀ kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a ń fín gbẹ̀yìn kí ara mọ́tò lè dán) tó wà lọ́jà báyìí, ìwọ̀n 2 kílíà sí 1 hádínà ló sì wọ́pọ̀ jù. Bí èyí tí wọ́n kọ sára agolo bá yàtọ̀, ti agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìbéèrè: Mo fín sẹ́lúlóòsì dúdú sí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn òjò. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tó fi funfun káàkiri bí ẹni fi efun pa á. Ṣé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà má lẹ́bi rárá. Omi ni ẹ ń wò yẹn. Bí ṣíńnà ṣe ń fò lọ, ó ń mú ojú irin tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wá sẹ̀ sórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, gẹ́gẹ́ bí ara ìgò omi tútù ṣe máa ń làágùn. Ṣíńnà olówó pọ́ọ́kú tó ń yára gbẹ ló máa ń fà á jù, àwọ̀ dúdú ló sì máa ń tú u fó.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí oòrùn bá mú dáadáa lọ́jọ́ kejì, ẹ ra ṣíńnà tí kì í tètè gbẹ, kí ẹ fín òun nìkan sórí ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú ọ̀dà á tún rọ̀, omi tó há sínú á sì ráyè jáde. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ẹ fi pépà P1500 (bí nọ́ńbà P bá ṣe ga tó ni pépà ṣe kúnná tó) àti omi yún un, kí ẹ sì fi kọ́ḿpáùn, ohun ìdán ọ̀dà, dán an. Lásìkò òjò, láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ló dáa jù láti fín ọ̀dà, nígbà tí ìrì ti gbẹ. Ẹni tó bá tan iná fín ọ̀dà lálẹ́ lẹ́yìn òjò, èsunsun ni yóò fi ṣe ọnà sí bọ́ńnẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀dà ń sá fún irin. Ó ń yọ ihò róbótó róbótó. Mo tún fín òmíràn lé e, ihò náà kò dí.

Ìdáhùn: Ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Ojú ẹja ni wọ́n ń pe ihò yẹn. Ẹ dáwọ́ dúró, torí bí ẹ bá ń fín in lọ, ńṣe ni etí ihò á máa ga sí i.

Ọ̀rá tó burú jù ni silicone, èyí tó wà nínú ohun tí àwọn tó ń fọ mọ́tò fi ń mú táyà àti dáṣíbọ́ọ̀dù dán. Kò di dandan kí ó kan ibi tí ẹ ń kùn. Bí wọ́n bá fín in nítòsí, afẹ́fẹ́ á gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Òógùn àtẹ́lẹwọ́ náà ń ṣe é. Èyí táwọn ènìyàn kì í fura sí ni kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n yọ lára fìríìjì àtijọ́, torí ó ń tu ọ́ìlì mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ fín afẹ́fẹ́ lásán sí gíláàsì tó mọ́ fún ìṣẹ́jú 1. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá hàn lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ máa ṣí ìdí táńkì kí omi ibẹ̀ dà nù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì so agomi (ohun tó ń gba omi kúrò nínú afẹ́fẹ́) mọ́ ìparí páìpù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná á kan gbé omi kọjá nínú ẹ̀ ni.

Àtúnṣe: ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ fi P600 yún un títí ihò á fi tán. Omi ìnu-ọ̀rá tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ọ̀dà mọ́tò ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe pẹtiróòlù, torí ó máa ń ṣẹ́ ọ̀rá tirẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ méjì lẹ ó lò: ọ̀kan tutù, èkejì gbẹ, tí yóò gbá a tẹ̀ lé e kí omi náà tó fò lọ. Ẹ nù ún ṣáájú yíyún, kí ẹ tún nù ún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yún, pépà ló fi ń tẹ ọ̀rá wọ inú irin. Nígbà tí ẹ bá tún ń fín in, ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 5 láàárín wọn, kí ẹ tó fín èyí tó kún.

Ìbéèrè: Ọ̀dà àtijọ́ kò ní àbùkù, mo kàn yún un díẹ̀. Bí mo ṣe fín tuntun lé e ni gbogbo rẹ̀ hunjọ bí awọ ọwọ́ tó pẹ́ nínú omi.

Ìdáhùn: Ó jọ pé ọ̀dà olóròóró ló wà nísàlẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun géètì, tí ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ fi dín owó kù. Ṣíńnà sẹ́lúlóòsì ń wọ inú ẹ̀, ó ń mú un wú. Ibi tí ẹ ti yún un dé irin ló kọ́kọ́ máa ń gbé sókè, torí ibẹ̀ ni ṣíńnà ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀.

Ó ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ funfun sínú ṣíńnà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó pamọ́, bí ẹ̀yìn ìdérí ojú táńkì epo, fún ìṣẹ́jú 1. Bí ọ̀dà bá hunjọ, olóròóró ni. Bí ó bá yọ́ sára aṣọ, sẹ́lúlóòsì ni, ẹ lè fín sẹ́lúlóòsì lé e ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí nǹkan kan kò bá ṣe é, ti ilé iṣẹ́ tàbí 2K ni, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Èyí tó ti hunjọ kò ní àbùjá. Ẹ bó o dé irin, ẹ fi P80 mú un, kí P180 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà práímà epọ́sì, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀. Práímà kan wà tí wọ́n ń sọ pé ó lè bo ọ̀dà géètì mọ́lẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn oṣù 1, ibi tí mo fi fíílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára irin) sí tún hàn, ìléròrò sì ń yọ níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ó jọ pé ẹ fi omi yún fíílà. Ó ń mu omi bíi kànrìnkàn, oòrùn á sì lé omi náà sókè sábẹ́ ọ̀dà. Gbígbẹ la ń yún fíílà: P80, P180, P320. Ẹ̀yìn tí práímà bá ti gbẹ lórí ẹ̀ ni omi tó kàn án, pẹ̀lú P400 dé P600. Ohun kejì ni hádínà: gíráàmù 2 ló tó fún gíráàmù 100 fíílà. Tó bá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ á là jáde lórí ọ̀dà funfun. Tó bá kéré, abẹ́ kò ní le. Bí ìpẹtà bá wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo èyí kò ní wúlò. Ẹ gé irin náà kúrò.

Ìbéèrè: Kílíà ń ṣàn wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn bí omijé.

Ìdáhùn: Ẹ ti sún mọ́ ọn jù, tàbí ọwọ́ yín kò yá. Sẹ̀ńtímítà 15 sí 20 ni kí gọ́ọ̀nù ìfínọ̀dà jìnnà sí i, imú gọ́ọ̀nù 1.3 tàbí 1.4 mìlímítà. Ẹ má nù ún. Tó bá le tán, ẹ fi P1000 tí ẹ ká mọ́ igi pẹlẹbẹ yún orí omijé náà nìkan, P1500, P2000, kọ́ḿpáùn.

Ìbéèrè: Sílífà Toyota mi kò bá ara yòókù mu, ó sì ṣú bí ìkúùkù.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Nọ́ńbà ọ̀dà wà lára òpó ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, lẹ́yìn àmì C/TR; 1F7, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ sílífà. Ṣùgbọ́n oòrùn ti pa ti àtijọ́ dà, nítorí náà nọ́ńbà nìkan kò ní bá a mu. Tí fẹ́ńdà lẹ bá ń kùn, ẹ jẹ́ kí béèsì (ọ̀dà aláwọ̀ tó ń wà lábẹ́ kílíà) wọ ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pòórá, kí ẹ wá fín kílíà sí gbogbo ilẹ̀kùn náà. Ìkúùkù jẹ́ ti àwọn ẹ̀ka irin wínníwínní inú ọ̀dà tó ń léfòó torí pé ó tutù jù. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú béèsì, ẹ fà gọ́ọ̀nù sẹ́yìn dé sẹ̀ńtímítà 25 sí 30, kí ẹ fín in bí ìrì. Ẹ má yún béèsì sílífà kí ẹ sì da kílíà lé e. Ojú pépà á hàn.

Ìbéèrè: Ìbòmú tí a lò nígbà kòrónà ń kọ́?

Ìdáhùn: Eruku pépà ló lè gbà. Hádínà 2K ní isocyanate, kẹ́míkà kan tí kì í fi òórùn kìlọ̀ fúnni, ó sì lè fa ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́. Ìbòmú tó ń gba afẹ́fẹ́ mímọ́ láti inú páìpù ló tọ́ sí i. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó fín práímà àti béèsì tí kò ní isocyanate nílé, kí ó sì gbé kílíà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, sítóòfù, àti sìgá gbọ́dọ̀ jìnnà pátápátá sí ibi tí ẹ ti ń po ṣíńnà.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni mo lè fọ mọ́tò?

Ìdáhùn: Kílíà 2K: omi lásán lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ má tíì lo ọṣẹ líle. Ẹ má fi wáàsì pa á títí oṣù 1 yóò fi pé, nítorí ṣíńnà tó kù nísàlẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà jáde.