Àwọn Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ tí Ń Jẹ Dynamic Range Kámẹ́rà Run

Dynamic range ni àlàfo tó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lọ tí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà (ojú inú rẹ̀ tí ń gba ìmọ́lẹ̀) lè gbà kí ó tó kún, àti èyí tó kéré jù lọ tí a ṣì lè rí láìjẹ́ pé noise, ìyẹn àwọn àmì játijàti tí kì í ṣe ti àwòrán, bò ó mọ́lẹ̀. Bí píksẹ́lì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ojú kéékèèké tó wà lórí sẹ́ńsọ̀, bá lè gba ẹ̀lẹ́ktírọ́nù 48,000 (ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń dá sílẹ̀ nínú rẹ̀), tí noise tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ sì jẹ́ 3, ìlọ́po 16,000 ni àlàfo náà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó stop 14 (stop kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀).

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú àwòrán kún àkúnya, pẹ̀lú ìrètí pé a óò tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì tó ti kún kò ní ohunkóhun nípamọ́ mọ́. Funfun lásán ni yóò máa jẹ́. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù èyí ti sọ àwọn mìíràn di ẹni tí ń ya àwòrán ṣókùnkùn ju bó ti yẹ lọ, tí wọ́n á wá máa fi agídí mú òjìji mọ́lẹ̀ nígbà tó bá yá. Ìmọ́lẹ̀ kì í dé ní dọ́gbadọ́gba: níbi tí ẹ̀lẹ́ktírọ́nù 10,000 bá wà, nǹkan bí 100 ni yóò máa fi yàtọ̀, ìyẹn ìdá 1 nínú 100, níbi tí 100 péré bá wà, 10 ni, ìyẹn ìdá 1 nínú 10, ìdí nìyẹn tí noise fi ń hàn jù níbi tó ṣókùnkùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó bó ti lè pọ̀ tó láìkún, kí ẹ sì rántí pé àwòrán JPEG (èyí tí kámẹ́rà ti ṣe tán) ni histogram, ìyẹn àtẹ tí ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń wò, kì í ṣe RAW (ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbà gan-an), tí àyè sábà máa ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ díẹ̀ sí i.

Gbígbé ISO, ìyẹn ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi ń mú àwòrán mọ́lẹ̀ sí i, sókè kì í fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìdajì ìmọ́lẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni yóò ti kún àwòrán. Bí ohun tí à ń yà kò bá ń rìn, ó sàn kí a gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí shutter (ìlẹ̀kùn tí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé sẹ́ńsọ̀) sì pẹ́ ní ṣíṣí. Ẹ má sì jẹ́ kí ISO 50 tí wọ́n fi kún kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 tàn yín jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù ni kámẹ́rà ń gbà, tí yóò wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bíìtì ló ń sọ iye ìgbésẹ̀ tí a pín ìmọ́lẹ̀ sí. Àwọn kan gbà pé RAW oníbíìtì 14 túmọ̀ sí stop 14. Kò rí bẹ́ẹ̀: àtẹ̀gùn tí a fi kún iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ ga sí i. Ṣùgbọ́n JPEG oníbíìtì 8 ń dà púpọ̀ nù nínú ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbà, pàápàá nínú òjìji, àwọn kámẹ́rà mìíràn sì ń já wálẹ̀ sí bíìtì 12 nígbà tí a bá lo shutter aláìfọhùn.

Bí ẹ bá ń da àwòrán mélòó kan pọ̀ sí ọ̀kan kí dynamic range lè gbòòrò sí i, àkókò shutter ni kí ẹ yí padà, kì í ṣe ojú lẹ́ǹsì, kí ohunkóhun má sì máa rìn nínú rẹ̀.

Ooru pẹ̀lú ń ṣèpalára: ẹ̀lẹ́ktírọ́nù tí ooru ń dá sílẹ̀, tó sì ń fa noise, ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 sí 8 Celsius kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn awòràwọ̀ fi ń lo kámẹ́rà tí a ń mú tutù. Fún àwòrán tó ń pẹ́ lẹ́nu yíyà, ẹ pa ojú ìwòran (screen) tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí sẹ́ńsọ̀ lè tutù díẹ̀.