Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Lọ́ Ọmọ Tòmátò àti Ata Látinú Tíréè Sínú Ìkòkò Láì Jẹ́ Kó Kú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin tòmátò tàbí ata sínú tíréè oníhò, mo mọ̀ pé inú yín ti ń dùn bẹ́ ẹ ṣe ń rí i tó ń yọrí, àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ́ ọ sínú ìkòkò gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé irúgbìn yẹn ò dáa, gbòǹgbò ẹ̀ la máa ń ṣe léṣe láìmọ̀. Ẹ gbàgbé ewé ná, gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ máa rò látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìgbà wo ló tó lọ́? Ẹ má ka ọjọ́ nìkan o. Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ yẹn, tó rí gbọọrọ, òun ti wà nínú hóró tẹ́lẹ̀, ẹ má kà á mọ́ ọn. Ewé tó yọ tẹ̀ lé e, ìyẹn ewé gidi, lẹ máa kà, tó bá ti pé mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti ń tó nìyẹn. Tòmátò sábà máa ń débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, ata máa ń pẹ́ jù ú lọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ti ẹyọ kan jáde wò. Tí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ bá fọ́ káàkiri, gbòǹgbò ò tíì dì í mú, ẹ dá a padà, ẹ tún fún un ní ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún sí i. Tó bá jáde ní odidi, tẹ́ ẹ rí gbòǹgbò funfun yí i ká, àsìkò ti tó. Àmọ́ tí gbòǹgbò ẹ̀ bá ti wé mọ́ra bí òwú, a ti pẹ́ díẹ̀ nìyẹn, ẹ rọra fi ọwọ́ tú ìsàlẹ̀ ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀ ó lè máa yí po lójú kan kó má nà jáde.

Tó bá jẹ́ inú ilé tàbí abẹ́ ibòji ló ti dàgbà, ẹ má gbé e bọ́ sínú oòrùn lójijì. Ẹ máa gbé e síta fún wákàtí kan tàbí méjì lọ́jọ́ kìíní, kẹ́ ẹ máa fi kún un títí tó fi máa pé bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ìkòkò wá ńkọ́? Èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ gbé e sínú ike ńlá lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè sinmi, àmọ́ gbòǹgbò kékeré ò lè mu gbogbo omi inú iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ yẹn, á wá máa tutù ṣáá, gbòǹgbò á jẹrà. Ihò gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òkúta sísàlẹ̀ ìkòkò pé kómi lè máa ṣàn, èmi náà ṣe é fọ́dún bíi mélòó kan kí n tó mọ̀ pé orí òkúta yẹn lomi máa ń dúró sí nínú iyẹ̀pẹ̀, ó kàn ń gbé ibi tó tutù jù yẹn sún mọ́ gbòǹgbò ni.

Iyẹ̀pẹ̀ inú ọgbà nìkan ò dáa torí ó máa ń dì gbagidi nínú ìkòkò. Ẹ po ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa mọ́ èèpo àgbọn lílọ̀ tàbí yanrìn. Ìgbẹ́ ẹran tí ò tíì jẹrà máa ń jó gbòǹgbò, ẹ má lò ó. Ẹ wọ́n omi sí iyẹ̀pẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó kó o sínú ìkòkò, débi pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ fún un pọ̀, á dì pọ̀, àmọ́ omi ò ní kán.

Ó dáa, ó ti kan lílọ́ gangan. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, tàbí ọjọ́ tí oòrùn ò mú. Ẹ bomi rin tíréè ní bíi wákàtí kan ṣáájú. Ẹ gbẹ́ ihò sínú ìkòkò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ irúgbìn, torí gbòǹgbò tó wà níta ń gbẹ ni. Ẹ fi ìka ti ìṣù iyẹ̀pẹ̀ náà látìsàlẹ̀ kó bọ́ jáde, ẹ má fà á lókè láé. Tẹ́ ẹ bá ní láti dì í mú, ewé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, kì í ṣe ọrùn, ìyẹn ara igi ẹ̀. Tí ewé bá ya, òmíì á yọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ ọrùn ẹ̀ fọ́, ibẹ̀ lomi ń gbà lọ sókè, ó ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọrùn yìí máa ń dùn mí torí mo ti pàdánù odindi tíréè kan báyìí rí, gbogbo ẹ̀ dúró dáadáa lálẹ́, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ wọ́n ti wó.

Tòmátò àti ata ò jọra tó bá kan bó ṣe máa jìn tó. Ẹ lè ri tòmátò mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé gidi àkọ́kọ́, ẹ já ewé tó bá máa wọlẹ̀ kúrò, ara igi tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn á yọ gbòǹgbò tuntun. Tó bá ti ga jù tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tiẹ̀ lè fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ kẹ́ ẹ bò ó, kí orí ẹ̀ nìkan yọ síta. Ata ní tiẹ̀, bó ṣe jìn tó nínú tíréè ni kẹ́ ẹ gbìn ín.

Tó bá jẹ́ irúgbìn tí wọ́n fi àwọ̀n wé iyẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ ni, ẹ la àwọ̀n yẹn kẹ́ ẹ tó gbìn ín.

Ẹ má tẹ iyẹ̀pẹ̀ kíkankíkan, omi tẹ́ ẹ bá bù sí i ló máa jẹ́ kó jókòó. Ẹ bomi rin ín dáadáa títí táá fi jáde nídìí ìkòkò, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ ibòji fọ́jọ́ méjì mẹ́ta. Tó bá rọ lọ́sàn-án tó sì dìde lálẹ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì tìtorí ẹ̀ máa dami sí i ṣáá. Ẹ ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀, tó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Tí ìdí ẹ̀ bá wá dúdú tó sì tín-ín-rín tó wó, àrùn ìdí jíjẹrà nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín ìyókù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má fi fẹtilásà sí i láàárín ọjọ́ 7 sí 10 àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ewé tuntun láàárín orí ẹ̀, gbòǹgbò ti mú nìyẹn, ẹ lè wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí gbòǹgbò tó yọ nídìí ìkòkò kékeré yẹn, ó ti fẹ́ lọ sí ike ńlá, ti ata bíi lítà 10, ti tòmátò lítà 20.