Bírékà Ló Fẹ́ Ba Eré Wa Jẹ́: Ìrírí Mi Lórí Iná Ìtàgé ní Yaba

Owó tí a san fún gbọ̀ngàn tí a ti ṣe eré wa ní Yaba kò ní dísù jẹ́nẹ́rétọ̀ nínú, kò ní wákàtí tí a ó fi so iná nínú, kò sì ní jẹ́nẹ́rétọ̀ kejì tí wọ́n wá ń sọ fún wa, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, pé dandan ni kí a lọ yá wá láti ìta. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kejì yẹn ló ń bí mi nínú jù. Kò yẹ kí a san án, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ní Èkó sì ń san irú rẹ̀ láì mọ ìdí. Jẹ́nẹ́rétọ̀ tó wà nílẹ̀ tó wa. Gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ìtàgé ni wọ́n kó sórí fésì kan ṣoṣo nínú ọ̀nà mẹ́ta tí iná rẹ̀ pín sí, ẹnikẹ́ni kò sì lanu sọ ọ́ fún wa kí wọ́n tó gbowó.

Eré náà dá lórí ọ̀rẹ́ méjì, Àbẹ̀kẹ́ àti Mojí, tí wọ́n jọ dàgbà ní Èbúté Mẹ́ta. Mojí kú ní rèwerèwe. Òkú ọ̀fọ̀ ni: kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ìlù, àwọn òbí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dé ojú oórì. Ẹbí ni gbogbo èèyàn ń kí, "ẹ kú ará fẹ́ra kù". Ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ Àbẹ̀kẹ́, torí ọ̀rẹ́ kò ní ìjókòó tirẹ̀ nílé ọ̀fọ̀. Ó ṣa òkúta kan nínú àgbàlá tí àwọn méjèèjì ti ń ṣeré nígbà èwe, ó gbé e sápò, ó gba Spéìn lọ láti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Santiago. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti ń rin ọ̀nà yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n gbà pé ibojì Jákọ́bù Àpọ́sítélì wà. Tí èèyàn bá gbéra láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, ó tó nǹkan bí 780 kìlómítà. Lórí òkè kan lẹ́yìn abúlé Foncebadón, àgbélébùú onírin kékeré kan wà ní orí òpó igi gíga. Ìdí òpó yìí ni àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbé òkúta tí wọ́n mú ti ilé wá sí, òkúta náà sì ti di òkìtì ńlá. Ibẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ń gbé òkúta Mojí lọ.

Kó tó débẹ̀, ní ilé ìsùn kan ní León, ó bá Mojí níbi tó ti ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì. Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: àkúdàáyà. Àkúdàáyà kì í kun àtíkè, kì í wọ aṣọ funfun gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀. Ó ń rà, ó ń tà, ó ń jẹun bíi gbogbo èèyàn ní ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ bá fojú kàn án ló ń pòórá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ iná búlúù tí wọ́n sábà máa ń tàn sí òkú lórí ìtàgé. Iná kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lójú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì, kí òǹwòran má lè fi iná mọ ẹni tó ti kú. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ bá sì dé orí òkè tó gbé òkúta kalẹ̀, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìran yẹn ni ọkàn eré náà. Ìran yẹn gan-an ni bírékà, ohun tó ń já láti pa iná nígbà tí èyí tí a ń fà bá pọ̀ jù, ń pa.

Yíyan òṣèré, ríhásà, bébà ìpolówó, títa tíkẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá ti ṣe eré rí mọ ìwọ̀nyẹn, n kò ní fi gba àkókò yín. Ọ̀rọ̀ àpò ẹ̀yìn nìkan ni n ó sọ kí n tó kan iná. Àpò tí wọ́n fi ìwé ìròyìn kún kò ṣe é gbé rìn lórí ìtàgé, torí èjìká òṣèré á tú àṣírí rẹ̀. Àwọn tó ń rin Santiago máa ń sọ pé kí ẹrù má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ẹni lọ. Nítorí náà a di yanrìn kílò mẹ́fà sínú nylon pẹlẹbẹ, a gbé e sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn òṣèré, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ àpò. Tó bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ló ń fà á, ìrìn rẹ̀ á sì dà bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣubú. Òkìríkà ni àpò náà, òun ló sì dára jù, torí tuntun máa ń dán lábẹ́ iná.

Ó wá kan iná. Ohun tí a kọ́kọ́ gbé kọ́ ni PAR 64 méjìlá, iná ìtàgé onígílóòbù ńlá, 1,000 watt ọ̀kọ̀ọ̀kan. 12,000 watt nìyẹn. Ẹ fi 230 volt pín in, ó ń lọ sí 52 amp, ìyẹn bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó. Jẹ́nẹ́rétọ̀ gbọ̀ngàn náà jẹ́ 30 kVA, onífésì mẹ́ta. Alábòójútó gbọ̀ngàn ń tún un sọ ṣáá pé, "Jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ń gbé ìgbéyàwó, ṣé eré ni kò ní gbé?" Àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta ni 30 kVA yẹn pín sí, fésì kọ̀ọ̀kan kò sì lè fúnni ju bíi 43 amp lọ. AC ti gba fésì méjì. Ẹyọ kan tó kù ni ìtàgé wà, bírékà 32 amp ló sì ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ti gbé Yaba tàbí Ṣúrùlérè mọ̀ pé tí iná bá kú lórí fésì kan, àdúgbò á ní kí wọ́n yí i sí òmíràn. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí ọmọdé mọ̀ nílé, àwọn tó ń gba owó gọbọi lórí gbọ̀ngàn kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó hàn ni pé iná kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ohun méjì ló wà nínú bírékà. Èkíní ń já lọ́gán tí wáyà bá kanra wọn. Èkejì jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ tí ẹrù iná bá pọ̀ jù, tó sì ń tẹ̀ títí tó fi já. Tí ẹ bá gbé 52 amp lé bírékà 32, kò ní já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn ìran tó ṣáájú, iná mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ń tàn, nǹkan kan kì í ṣe. Orí òkè nìkan ni gbogbo méjìlá ti ń tàn pọ̀. Iná á máa gòkè, ojú Àbẹ̀kẹ́ á máa yọ, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lára òkúta, òkùnkùn á bo gbogbo rẹ̀ lójijì.

Ẹ̀rọ kùrukùru, èyí tó ń tú kùrukùru sórí ìtàgé, tún dá kún un. Inú rẹ̀ ni irin tó ń gbóná, 1,500 watt, wà, ó ń jẹ bíi 6.5 amp, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu ìgbà tó máa tanná sí ara rẹ̀. Nígbà míì ó máa bọ́ sí àárín ìran León, nígbà míì sí orí òkè. Nítorí rẹ̀, bírékà kì í já ní ìṣẹ́jú kan náà lórí òkè ní ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn oníná gbọ̀ngàn sì rí àyè sọ pé wáyà wa ni kò dára. Wáyà wa dára. Mo ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ wò níṣojú wọn, a kò rí ibi kankan tó gbóná.

Ọ̀kan nínú wọn wá ní òun máa yọ bírékà 32, òun máa fi 63 sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí fún yín. Wáyà tó wà nínú ògiri ni bírékà ń dáàbò bò, kì í ṣe iná yín. Wáyà 4 mm tó wà nínú páìpù ni wọ́n lò níbẹ̀, kò sì lè gbé 52 amp láìgbóná. Tí bírékà kò bá já mọ́, inú ògiri ni ìgbóná náà á wà, lórí èèyàn tó kún gbọ̀ngàn. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tí mo kọ̀ ni wọ́n wá ní kí a lọ yá jẹ́nẹ́rétọ̀ tiwa. Ìlú tí Hubert Ogunde ti gbé eré síta ní Glover Memorial Hall láti 1944 kò yẹ kó ṣì máa ka eléré sí àlejò tó wá da ilé rú.

Oníná tí a mú wá láti ìta ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé mítà tí ẹnu rẹ̀ ń gbá wáyà mú, ó fi kan fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí gbogbo iná ń tàn: ti ìtàgé lé ní 50, àwọn méjì yòókù kò dé 20. Ohun tó tọ́ ni kí iná mẹ́rin-mẹ́rin wà lórí fésì kọ̀ọ̀kan, bíi 17 amp. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn kò gbà kí a fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gbà fún, ẹ rántí pé 400 volt ló wà láàárín fésì kan sí èkejì. Ẹ má jẹ́ kí iná fésì méjì wà níbi tí ọwọ́ èèyàn kan lè kàn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tó kù ni a gbà. A sọ PAR mẹ́jọ kalẹ̀, a fi LED mẹ́jọ rọ́pò wọn, irú èyí tó ń jẹ bíi 150 watt. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò ju bíi 5 amp lọ. PAR mẹ́rin tí a dá sí jẹ́ 17 amp àti díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di bíi 23 lórí bírékà 32, ẹ̀rọ kùrukùru sì lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lórí fésì mìíràn. Bírékà kò já mọ́. A kò yá jẹ́nẹ́rétọ̀ kankan.

Wọ́n á bi yín pé kí ló dé tí a kò kúkú lo LED nìkan. Nítorí òwúrọ̀ ni. Tí ẹ bá dín iná PAR kù, ó máa ń pọ́n bí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bó ṣe ń gòkè ló ń funfun. LED olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ kan náà ló ń mú wá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń fò: á kú, á tàn lójijì, kó tó wá máa gòkè. Èyí tí kò ní àwọ̀ ámbà nínú tún máa ń jẹ́ kí awọ ara dúdú dà bí ẹni tó fi eérú pa ara, nínú eré tí mo sì ń sá fún kí òkú má dà bí òkú! Torí náà LED wà fún ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn nìkan. PAR méjì wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún oòrùn, méjì wà lókè níwájú fún ojú òṣèré. Mo fi ìdánilójú sọ ọ́ pé òwúrọ̀ tí a fi PAR mẹ́rin ṣe yìí dára ju ti méjìlá lọ, torí òjìji òkìtì òkúta náà wá ṣe kedere.

Wáyà tí a fi ń gbé iná dé ìtàgé, ẹ tú u kúrò lára róòlù rẹ̀ tán pátápátá, kódà tí mítà méjì péré lẹ bá nílò. Èyí tó bá wà ní wíwé máa ń yọ́ nínú.

Ẹ béèrè bírékà ìtàgé kí ẹ tó sanwó: amp mélòó, fésì wo, kí ni ohun mìíràn tó wà lórí rẹ̀. Ẹ tún béèrè ẹni tó ń san dísù wákàtí ìmúrasílẹ̀. Jẹ́nẹ́rétọ̀ 30 kVA tó gbé ìdajì ẹrù rẹ̀ ń mu bíi lítà mẹ́rin lójú wákàtí kan, wákàtí tí a sì fi ń gbé iná kọ́, tí a fi ń darí rẹ̀ síbi tó yẹ, máa ń pọ̀ ju wákàtí eré lọ. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé.

Òkìtì òkúta kò náni lówó. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ni, ó pọ̀ nílẹ̀ ní Alaba. Ọ̀bẹ tí a yáná sí la fi gé e, níta gbangba, torí èéfín rẹ̀ kò dára. A fi gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà lẹ bébà mọ́ ọn ní ìpele méjì kó má baà máa rún, a wá fi ọ̀dà olómi kùn ún. Ọ̀dà tí tínà wà nínú rẹ̀ á jẹ fóòmù náà tán lójú yín. Òkúta Mojí nìkan ni òkúta gidi, èyí tó kún ọwọ́, nítorí ìró tó ń dún nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ bá gbé e kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. A tẹ́ pákó pẹlẹbẹ kan sí ibi tó ń gbé e sí, kó má ba fóòmù jẹ́.

Ní ti kùrukùru orí òkè, èyí tó jáde tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ gbóná, òkè ló ń lọ, AC á sì fà á gbẹ. A gbé kúlà onífóòmù síwájú ẹ̀rọ, a lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, a kó áìsì bulọ́ọ̀kù tí a fọ́ sínú rẹ̀ kọjá ìdajì, kí kùrukùru gba àárín rẹ̀ kọjá. Tó bá tutù, ilẹ̀ ló ń rá lọ, ẹsẹ̀ òṣèré ló ń bò, kì í dé ojú. Ẹ pa AC tó sún mọ́ ìtàgé ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìran náà, kí ẹ sì fi aṣọ nu ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí omi inú kùrukùru náà ń yọ̀, òṣèré sì ṣì ní láti gbé àpò kílò mẹ́fà yẹn gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí Santiago.