Ẹ̀wà Dúdú Tolosa: Ojú Mi Rí Màbo Lọ́wọ́ Òjò

Ìrẹ́jẹ ló lé mi dé ìdí oko ẹ̀wà. Ẹnì kan ta ẹ̀wà dúdú fún mi ní Gipuzkoa níbí, ní ilẹ̀ Basque ní Spain, ó búra pé ti ìlú Tolosa gan-an ni. Owó tí mo san tó ra ẹran! Mo sè é títí, omi rẹ̀ ṣàn bí omi ìfọṣọ. Ti Tolosa tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ ò ní í rẹ ẹ́ sómi rárá, àlùbọ́sà àti òróró díẹ̀ lórí iná jẹ́jẹ́ ti tó, omi rẹ̀ á ki fúnra rẹ̀. Inú bí mi, mo ní n ó gbin tèmi.

Gbígbìn ò le. Oṣù karùn-ún ni. Nẹ́ẹ̀tì tàbí ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbé e dúró báyìí, ṣùgbọ́n bí ti àtijọ́ ni mo ṣe tèmi: mo kọ́kọ́ gbin àgbàdo, ẹ̀wà wá ń lọ́ mọ́ ọn lọ sókè. Kódà, màmá tí oko wa jọ pààlà, ọmọ Basque pọ́ńbélé, dúró, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí. Èmi náà gbé àyà sókè.

Àfi ìgbà tí ìkórè dé. Òjò wínníwínní ibí, sirimiri, kì í pariwo, kì í sì í dá. Èèpo tó yẹ kó gbẹ kó máa dún ṣaworo, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń rọ̀ jọ̀bọ̀. Mo la ọ̀kan: ó ti bu funfun nínú, hóró méjì ti ń hù. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún! Mo sá a sí pálọ̀, ilé ń rùn. Mo gbé e sí bákónì, ọ̀rinrin tún bá a níbẹ̀.

Màmá ló gbà mí. Wọ́n ní kí n fa igi ẹ̀wà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí n wá fi kọ́ sí àjà ilé wọn, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gba abẹ́ òrùlé kọjá. Ibẹ̀ ló gbẹ sí. Mo dì í sápò, mo fi igi lù ú: ẹ̀wà dúdú tó ń dán, àmì funfun kékeré lára hóró kọ̀ọ̀kan. Mo fi kábéèjì àti ata Ibarra tí wọ́n rẹ sí fínígà jẹ ẹ́. (Ata yẹn ò ta, mo fi rodo sí i.)

Ẹni tí kò bá ní àjà, kó má dán an wò. Kó lọ sí ọjà Tolosa lọ́jọ́ Sátidé, kó wo àmì Eusko Label, àmì ojúlówó oúnjẹ ilẹ̀ Basque, lára àpò kó tó sanwó. Tí ẹ bá sì gbin tiyín, ẹ kó irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sí fírísà fúngbà díẹ̀. Kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà níbí náà bíi ti ilé lọ́dọ̀ wa, òtútù ló ń pa á.