Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Bọ́tìnnì Kíìbọ́ọ̀dù Àtijọ́ Jẹ́

Bọ́tìnnì kíìbọ́ọ̀dù tó bá yàtọ̀ sí èyí tí ojú wa ti mọ́, ó ní ohun tó fà á. Ẹni tí kò bá wádìí ohun náà ló ń fi ipá fà á ya, tó ń fi kẹ́míkà bó o lẹ́tà, tàbí tó ń náwó ńlá sórí ìdérí, ìyẹn ike orí bọ́tìnnì, tí kò ní wọlé.

Ẹ má fa bọ́tìnnì ZX Spectrum yọ

Ọdún 1982 ni ilé iṣẹ́ Sinclair gbé kọ̀ǹpútà ZX Spectrum jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́tìnnì 40 ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dá dúró nínú wọn. Rọ́bà kan ṣoṣo ló so gbogbo wọn pọ̀, páànù oníhò ló sì bò ó. Bí ẹ bá fi wáyà ìyọ-bọ́tìnnì fa ọ̀kan, rọ́bà náà lè ya. Páànù yẹn ni ká kọ́kọ́ ṣí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Gọ́ọ̀mù ló mú un mọ́ ike, ó sì fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ tì í sókè lójú kan, ó ká nìyẹn, kì í sì í tọ́ dáadáa mọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i títí gọ́ọ̀mù á fi rọ̀, kí ẹ wá máa ti káàdì ike pẹlẹbẹ kan wọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yí etí rẹ̀ ká. Ẹ má fi sípírítì nu rọ́bà náà, torí ńṣe ni wọ́n tẹ lẹ́tà sórí rẹ̀, ó sì máa ń ṣí.

Bọ́tìnnì tí kò ní lẹ́tà lè má bàjẹ́

IBM kéde kọ̀ǹpútà PCjr ní November 1983. Kíìbọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ní lẹ́tà lórí bọ́tìnnì rárá. Ara ike tó wà lókè bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí àyè lè wà láti tẹ́ páálí alámì sáàárín wọn. Àwọn tó rà á kò fẹ́ ẹ, IBM sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1984. Ẹ má lẹ sítíkà mọ́ ọn.

Àwọn tó ń ra ìdérí aláfarawé ti kíìbọ́ọ̀dù Space Cadet náà máa ń dà á pọ̀ mọ́ kíìbọ́ọ̀dù Knight. Tom Knight ló ṣe Knight ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, John L. Kulp ló ṣe Space Cadet ní 1978, fún àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ tó ń lo Lisp, èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà kan. Bọ́tìnnì oríṣi Shift méje ni Space Cadet ní: Shift, Top, Front, Control, Meta, Super àti Hyper. Top ló ń pe àmì orí ìdérí, Front ló ń pe lẹ́tà Gíríìkì tó wà ní iwájú rẹ̀. Ìdérí lẹ́tà aláfarawé tí ẹ bá rí tí kò ní nǹkan kan níwájú, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe.

Ẹ wọ̀n kí ẹ tó rà

Ihò alágbèélébùú ni ìdérí Cherry MX ní; Cherry MX jẹ́ irú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wà lábẹ́ bọ́tìnnì. Ti Alps, irú ẹ̀rọ mìíràn tó wà nínú kíìbọ́ọ̀dù ńlá tí Apple ṣe ní 1987, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tóóró ni ìdérí rẹ̀ ní, òun ló ń wọ ihò ara ẹ̀rọ náà. Ìdérí ọ̀kan kò lè wọ èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bọ́tìnnì àlàfo (space bar). Ààyè bọ́tìnnì lẹ́tà kan jẹ́ 19.05 mm. Bọ́tìnnì àlàfo ti kíìbọ́ọ̀dù IBM Model M gba ààyè méje, ìyẹn 133.35 mm. Nígbà tí bọ́tìnnì Windows dé pẹ̀lú Natural Keyboard ti Microsoft ní 1994, ìlà ìsàlẹ̀ fún pọ̀, èyí tó wá wọ́pọ̀ lónìí sì jẹ́ 6.25, ìyẹn 119 mm.

Lórí Model F, kíìbọ́ọ̀dù onísípíríǹgì ti IBM, ẹ má tẹ́ kíìbọ́ọ̀dù sílẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí ẹ bá ń dá bọ́tìnnì padà. Ẹ gbé e dúró, kí bọ́tìnnì àlàfo wà lókè, kí sípíríǹgì lè fì síbi tó yẹ. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tí kò bá dún "kà", sípíríǹgì rẹ̀ ti wọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un fi.

Fífọ àti bíbó

Ibí ni ohun rere ti ń ṣòfò jù. Ike ABS máa ń di pupa rúsúrúsú bí oòrùn bá pẹ́ lára rẹ̀; ike PBT kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ po iyọ̀ gíráàmù 40 mọ́ omi mílílítà 250, kí ẹ ju ìdérí kan sí i, kí ẹ sì gbọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. ABS á léfòó, PBT á rì. Ìdérí Model M jẹ́ PBT, àwọ̀ lẹ́tà rẹ̀ sì wọ inú ike lọ. Bí ó bá pọ́n, ìdọ̀tí ni: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fún wákàtí kan ti tó. Ẹ má fi tínà tàbí asítónì kan ABS, ó máa ń yọ́ ọ ni.

ABS tó ti pọ́n ni ẹ lè fi hydrogen peroxide 12% oníkírímù pa lára, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ fi nálọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara wé e, kí ẹ gbé e sóòrùn, kí ẹ máa wò ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kírímù bá ti gbẹ á ya ìlà funfun tí kì í lọ mọ́. Tó bá pẹ́ jù, ojú ike á funfun bíi ẹfun. Ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ fún wákàtí 24 kí omi inú ihò lè gbẹ tán kí ẹ tó dá a padà.