Bí a ṣe ń yẹ ìwé kọ́míìkì wò kí a tó fi ránṣẹ́ fún máàkì

Inú àpò ìrẹsì kan ní ọjà Kútọ̀ ni mo ti rí ìwé kọ́míìkì tí mo fẹ́ràn jù lọ, láàárín àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń dì ní ìdì-ìdì fún àwọn aláàkàrà. Ọ̀kan nínú àwọn Powerman ni, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1975 fún títà ní Nàìjíríà, tí Dave Gibbons àti Brian Bolland sì ń ya àwòrán rẹ̀ kí òkìkí wọn tó kàn. Bí ẹ bá fẹ́ kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ ní Abẹ́òkúta, ẹ bá àwọn tí ń ra ìwé àlòkù dọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ sì tètè dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú aláàkàrà, nítorí pé epo kì í kúrò lára bébà.

Kí a tó dé orí máàkì, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fún ìwé gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ṣe dára tó, ìtọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Bébà tí wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ kọ́míìkì àtijọ́ kò yàtọ̀ sí ti ìwé ìròyìn: ásíìdì wà nínú rẹ̀, òun ni ó ń jẹ́ kí ó pọ́n rúsúrúsú, tí yóò fi máa ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń mú kí èyí yára, a sì ní méjèèjì lọ́pọ̀ yanturu, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀. Ẹ ra ọ̀rá polypropylene tàbí Mylar àti páálí tí kò ní ásíìdì, kí ẹ to àwọn ìwé náà ní ìdúró sínú àpótí, kí àpótí náà má sì kan ògiri tàbí ilẹ̀ nítorí ikán. Ẹ má gbé ìwé kankan lọ fún ẹni tí ń ṣe láminéètì, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tí ó ti ya. Mo ti rí ìwé tí òjò ọdún mẹ́wàá kò lè bà jẹ́ tí sẹ́lótéèpù ọjọ́ kan bà jẹ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yẹ ìwé wò wà ní Amẹ́ríkà, bíi CGC, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2000, àti CBCS tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọn a máa fún ìwé ní máàkì láti 0.5 dé 10, wọn a sì tì í mọ́ inú ike líle tí ń dán, tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí i kà mọ́ láìfọ́ ike náà. Láàárín 9.6 àti 9.8, ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n owó rí i.

Mo fi ìwé mẹ́ta rán àbúrò mi tí ó ń gbé lọ́hùn-ún sí ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Oṣù méje gbáko ni mo fi dúró. Nígbà tí mo ṣírò owó àyẹ̀wò, owó ìfiránṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, àti owó ibodè, ó ju iye tí ẹnikẹ́ni lè fi ra méjì nínú àwọn ìwé náà lọ. Powerman tí èmi fúnra mi ti fún ní 8.0 gba 6.5, kò sì sí gbólóhùn kan tí ó sọ ìdí rẹ̀. Inú bí mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wá kọ́kọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí ìwé náà. Ìgbà náà ni mo rí ìṣirò ìsọdipúpọ̀, 24 lọ́nà 6, tí ó tẹ̀ wọ iwájú ìwé náà. Ẹnìkan ti gbé bébà lé e lórí, ó sì fi báírò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá níbẹ̀. Kò sí yíǹkì kankan níbẹ̀, ojú bébà ni ó kàn jìn. Ó tọ́ kí wọ́n gé máàkì náà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ ìlà kan péré, wọn ì bá ti yọ mí nínú ìbínú oṣù méjì.

Nítorí náà, ẹ yẹ ìwé yín wò kí wọ́n tó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì tí kò ní eruku. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ìwé po, níbi tí àwọn ìlà kéékèèké máa ń jókòó sí bí ojú èékánná. Ẹ kà wọ́n ní oókan-oókan. Ìlà tí kò bá tíì fọ́ àwọ̀ ìwé ṣì ṣeé tẹ̀ dọ́gba lábẹ́ ẹ̀rọ tí ó gbóná díẹ̀, èyí tí àwọn mọ̀ọ́ṣe ń lò. Ibi tí àwọ̀ bá ti fọ́ kò ní àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun yóò fi báírò kun ún, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé CGC a máa fi bébà àmì aláwọ̀ àlùkò sínú ike ìwé tí wọ́n bá ti kùn, láti fi hàn pé wọ́n ti tún un ṣe, àwọn olùrà sì máa ń sá fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wo píìnì méjèèjì bóyá wọ́n ti dípẹtà, kí ẹ ka ojú ìwé pé, kí ẹ sì wò ó bóyá ọmọdé kan ti fi sísọ́ọ̀sì gé kúpọ́ọ̀nù kúrò. Níkẹyìn, ẹ pa iná, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, kì í ṣe òkè rẹ̀, kí ẹ sì máa yí ìwé náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kọ máàkì tí ẹ rò sílẹ̀, kí ẹ sì dín ìdajì máàkì kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé ojú ẹni tí ó ni nǹkan kì í rí àléébù rẹ̀ tán. Bí iye tí ìwé náà yóò tà ní máàkì yẹn kò bá ju gbogbo owó ìnáwó lọ dáadáa, ẹ dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀. Bí ó bá jù ú lọ, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, píìnì àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó tó kúrò nílé, nítorí pé àléébù tí kò sí nínú fọ́tò yẹn, tí ó wá wà nínú ike tí wọ́n dá padà, ojú ọ̀nà ni ó ti ṣẹlẹ̀, fọ́tò náà nìkan ni ẹ ó sì fi bá wọn sọ̀rọ̀.