Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ra fún Ẹ̀jẹ̀ Dídì Tó Ń Fa Rọpárọsẹ̀

Bí abẹ bá gé èèyàn níka, kì í pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dá. Àwọn purotéènì kan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wá láti inú ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: ọ̀kan á ta èkejì jí, títí thrombin yóò fi sọ fibrinogen di fọ́nrán tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbi tí kò sí ọgbẹ́, tó sì lọ dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.

Ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì síbẹ̀, lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Ó ha ń lù déédéé bí? Bó bá ń já, tó ń sáré, tó tún ń dúró, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ECG, èyí tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn. Ó lè jẹ́ pé apá òkè ọkàn ń gbọ̀n dípò kó máa fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ á wá dá rogún síbẹ̀ bí omi adágún, á sì ráyè dì. Ìṣòro yìí máa ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí ẹ sì pa sìgá tì, nítorí ó ń mú kí fibrinogen pọ̀ sí i. Obìnrin tó ní ẹ̀fọ́rí túúlu, èyí tí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà máa ń ṣáájú, kò gbọdọ̀ lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ẹ má sáré sanwó àyẹ̀wò Factor V Leiden, ìyàtọ̀ àjogúnbá tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní ìlú Leiden ní Netherlands lọ́dún 1994. Inú iṣan ẹsẹ̀ ló sábà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí, kì í ṣe ọpọlọ. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú lọ́mọdé, tàbí ẹni tí ẹbí rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí oyún bá ń bàjẹ́ lára obìnrin léraléra, àyẹ̀wò antiphospholipid ni kó béèrè, ìyẹn èyí tó ń wá àwọn èròjà agbóguntàrùn ara tó ń ṣìṣe, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Aspirin kì í bá àwọn purotéènì yìí jà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ ló ń mú. Nítorí náà, kò tó fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lù déédéé. Warfarin ló ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti lo fítámì K, tí Factor II, VII, IX àti X, tó wà lára àwọn purotéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, fi máa ń dín kù. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa yẹ INR rẹ̀ wò, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àárín 2 sí 3 ló yẹ kó wà. Ẹ̀fọ́ ní fítámì K, nítorí náà kó má ṣe máa jẹ ẹ́ púpọ̀ lónìí kó sì pa á tì lọ́la: iye kan náà ni kó máa jẹ. Apixaban àti rivaroxaban ń di Factor X tó ti jí (Factor Xa) mú, wọn kò sì nílò INR, àmọ́ wọ́n tètè ń kúrò lára, nítorí náà ẹ má pa á jẹ.

Bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá rẹ̀ kú, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ kọ àkókò tí ara rẹ̀ ṣì dá gbẹ̀yìn sílẹ̀, kí ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láàárín wákàtí 4 àtààbọ̀ ni alteplase, tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ń wúlò. Ẹ má fún un ní aspirin nílé: kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá iṣan dí tàbí ó bẹ́, àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ya àwòrán orí rẹ̀.